Ta Ni Wọ́n Kọ Orin Náà Fún?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ orin mu gan-an. Ní ilé tiwa, jùjú àti fújì ni a ń gbọ́ ní àárọ̀ Sátidé, orin ìyìn ni a ń gbọ́ ní ọjọ́ Àìkú. Orin tí a kò bá gbọ́ èdè rẹ̀, ariwo ni a máa ń pè é. Kì í sì í ṣe ilé wa nìkan. Mo ti gbọ́ tí àwọn òbí kan ń sọ pé ọmọ tó bá ń gbọ́ orin àjèjì yóò gbàgbé èdè rẹ̀. Mo tún ti gbọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sọ pé kò sí ohun tí orin àwọn àgbà lè kọ́ àwọn. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fi etí sílẹ̀ dáadáa sí orin ẹlòmíràn yóò padà wálé wá gbọ́ tirẹ̀ ní àgbọ́yé. Orin mẹ́ta ni n ó fi ṣe ẹ̀rí: ọ̀kan láti Jos, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà, ọ̀kan láti ilẹ̀ Chile.

Ẹgbẹ́ Lítírésọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní àṣà kan. Ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ẹgbẹ́ kan yóò mú orin tó fẹ́ràn jù lọ wá, yóò jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà yóò sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé "ó dùn" kí ó sì jókòó. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó mú kí ó dùn. Òfin kékeré yìí le púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló lè kọ orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí kò sì lè sọ ohun tí orin náà ń wí. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìbéèrè mẹ́ta sí ẹ̀yìn ìwé mi. Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú orin yìí? Kí ni ohùn orin ń ṣe sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀? Ta ni wọ́n kọ ọ́ fún? Ìbéèrè kẹta yìí ló wá di ọ̀gá lójú mi.

Kí n tó dé orí àwọn orin náà, ó yẹ kí n sọ ìdí tí orin àjèjì fi máa ń ṣòro fún etí ọmọ Yorùbá. Ohùn ni èdè wa dúró lé. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Bí akọrin bá rẹ ohùn sílẹ̀ níbi tó yẹ kí ó gbé e sókè, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko lè di ọkọ ìyàwó. Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá kó sínú ìṣòro yìí. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin òyìnbó, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sì yí padà lẹ́nu àwọn tó ń kọ ọ́. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Christ Church Cathedral ní Èkó, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Bí ilù wa ti ń sọ̀rọ̀ ni ohùn orin wa fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Sípáníìṣì kò rí bẹ́ẹ̀. Akọrin wọn lè gbé ohùn síbi tó bá wù ú, ọ̀rọ̀ kò ní yí padà. Ẹni tó bá ń wá òwe àti ohùn tó ń sọ̀rọ̀ nínú orin wọn yóò sọ pé ó ṣófo. Kì í ṣe pé ó ṣófo. Ibòmíràn ni wọ́n gbé ẹrù tiwọn sí.

Orin àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ jìnnà sí wa. Ọdún 1946 ni wọ́n bí Dan Maraya Jos, ẹni tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Adamu Wayya, ní Bukuru lẹ́bàá ìlú Jos. Akọrin ààfin ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n baba náà kú nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ọmọ ọwọ́, ìyá rẹ̀ náà sì kú láìpẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Dan Maraya, ìyẹn ọmọ òrukàn. Kuntigi ni ohun èlò orin rẹ̀. Okùn kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, agolo sadínì tí wọ́n fi awọ bò sì lè jẹ́ ikùn rẹ̀. Òun ló ń ta okùn náà, òun náà ló ń kọrin sí i. Ó kú ní ọdún 2015.

Ọmọ akọrin ààfin ni, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń yin ọba àti olówó. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin ìyìn rí láàárín àwọn Hausa bí ó ti rí láàárín wa: ẹni tó ní lọ́wọ́ ni wọ́n ń kì. Dan Maraya mú irú orin yẹn gan-an, ó sì yí ojú rẹ̀ sí ibòmíràn. Orin rẹ̀ tí mo mú lọ sí ẹgbẹ́ wa ni èyí tó kọ nípa karen mota. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ilé wọn wà ní Sábó ló jókòó tì mí, tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀. Bí a bá tú orúkọ náà bó ṣe wà, "ajá ọkọ̀" ni. Ọmọ ọkọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọkùnrin tó ń kó èrò wọlé tó ń kó èrò jáde, tó ń pààrọ̀ táyà, tó sì ń ti ọkọ̀ tí kò fẹ́ ṣíná. Orúkọ tó dà bí èébú ni Dan Maraya fi ṣe àkọlé orin ìyìn. Ó ka iṣẹ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí arókin ṣe máa ń ka ogun tí ọba jà.

Orin yìí wọ̀ mí lára, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe kọ̀ńdọ́ktọ̀ ní Ìbàdàn fún ọdún méjì kí ó tó rí owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga san. Mo mọ irú ohùn tó máa ń gbé wálé lálẹ́, ohùn tó ti há nítorí pé ó ti ń pe Ìwó Road àti Mọ́kọ́lá láti ìdájí. Mo mọ èébú tí àwọn èrò máa ń bú u nítorí ṣéńjì. Nínú gbogbo orin tí a ń gbọ́ ní àárọ̀ Sátidé, tí wọ́n ti ń dárúkọ alága, olóyè àti ìyá ọlọ́jà, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ irú ẹ̀gbọ́n mi, àfi bí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ wá, ní èdè tí a kò gbọ́, ti kọ orin rẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

Orin náà ní ibi tó kù sí fún ẹni tí kì í ṣe Hausa. Okùn kan kò lè ṣe ju bí okùn kan ti lè ṣe lọ. Ohùn kan náà ló ń padà wá, bí o kò bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, yóò sú ọ kí ó tó dé ìdajì. Ó ń fẹ́ ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò rí ìyẹn bí àbùkù púpọ̀, nítorí òun ló mú kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jókòó pọ̀ ní odidi ọ̀sán kan. A ti wà ní kíláàsì kan náà láti ọdún mẹ́ta, èmi kò sì béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Hausa kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ọkọ̀ ló wà nínú orin kejì náà. "Fast Car" ni wọ́n ń pè é, Tracy Chapman, ọmọ ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, ló sì kọ ọ́. Ó wà nínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní ọdún 1988. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Kò ní orúkọ. Baba rẹ̀ jẹ́ ọ̀mùtí, ìyá rẹ̀ ti kó jáde, òun sì fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí ó lè tọ́jú baba náà. Ó ń ta ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń rò pé bí òun àti olólùfẹ́ òun bá wọ ọkọ̀ kúrò ní ìlú náà, ayé yóò dára. Wọ́n lọ. Nígbà tó yá, olólùfẹ́ náà di ẹni tó ń pẹ́ sí ilé ọtí ju bó ṣe ń wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ohun tí ọmọbìnrin náà sá fún ló tún bá a nínú ilé tuntun.

Kò sí òwe kan nínú orin yìí. Kò sí ìmọ̀ràn, kò sí ìwàásù. Nígbà tí mo mú un wá sí ẹgbẹ́ wa, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀kan nínú wa sọ ni pé, "Ohun kan ṣoṣo ni gìtá yẹn ń sọ." Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbọ́n orin náà wà. Gìtá ń yí po, ó ń yí po, bí ọkọ̀ tó ń sáré tí kò kúrò lójú kan. Ní ìdí ègbè nìkan ni ìlù wọlé tí ohùn sì gbéra sókè, níbi tí ọmọbìnrin náà ti ń rántí alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń sáré nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, gìtá àkọ́kọ́ tún padà dé. Ìrántí ni ìgbádùn yẹn, ìyípo yẹn sì ni ìgbésí ayé rẹ̀. Ohun tí òwe ìbá sọ fún wa, gìtá ló sọ ọ́. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nìkan nínú orin yìí kò ní gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1988, wọ́n ṣe eré orin ńlá kan ní pápá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún Nelson Mandela, ẹni tó ṣì wà ní ẹ̀wọ̀n nígbà náà. Ohun èlò Stevie Wonder kan sọnù, kò sì lè jáde ní àkókò tí wọ́n fún un. Wọ́n ní kí Tracy Chapman padà sórí pèpéle. Òun nìkan ni, pẹ̀lú gìtá rẹ̀, níwájú èrò tó kún pápá. Orin ọmọbìnrin tálákà tí kò lórúkọ yẹn ló kọ, ayé sì gbọ́ ọ. Ní ọdún 2023, Luke Combs, òyìnbó ọkùnrin tó ń kọ orin kọ́ńtìrì, tún orin náà kọ. Níbi tí ọmọbìnrin inú orin ti sọ pé obìnrin tó ń ta ọjà ni òun, Combs kò yí i padà sí ọkùnrin. Bó ṣe wà ló kọ ọ́. Lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ àwọn olórin kọ́ńtìrì fún Tracy Chapman ní ẹ̀bùn orin ọdún, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á. Ohun tí Combs ṣe yẹn ni mo pè ní pípín orin fún ara ẹni: o mú orin ẹlòmíràn, o kọ ọ́ tọkàntọkàn, o sì fi olówó orin sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Orin kẹta kò ní ọkọ̀ nínú. Orin ọpẹ́ ni. Violeta Parra, ọmọ ilẹ̀ Chile tí wọ́n bí ní ọdún 1917, ló kọ ọ́. Obìnrin yìí rin abúlé ilẹ̀ rẹ̀ káàkiri, ó ń jókòó ti àwọn arúgbó, ó ń gba orin ìbílẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn kí ó má baà parun. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ wọn hun orin tirẹ̀. "Gracias a la Vida" ló pe èyí, ìyẹn ni pé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyè. Ó jáde ní ọdún 1966, ó sì kú ní ọdún tó tẹ̀lé e. Mercedes Sosa ti Argentina kọ ọ́ ní ọdún 1971, Joan Baez ti Amẹ́ríkà fi orúkọ rẹ̀ pe àwo orin ní ọdún 1974.

A mọ orin ọpẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwa la ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi etí sí ohun tí a sábà máa ń dúpẹ́ lé lórí: ilé tuntun, ọkọ̀ tuntun, ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀tá tó ṣubú. Violeta Parra dúpẹ́ lórí ojú méjì tó fi ń ríran. Ó dúpẹ́ lórí etí, lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, lórí ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀, lórí ọkàn tó ń mì, lórí ẹ̀rín àti ẹkún. Ní ìparí, ó ní láti inú ẹ̀rín àti ẹkún yìí ni orin òun ti wá, orin náà sì ni ti gbogbo ènìyàn. Ẹ wo ohun tó ṣe. Kò sí ohun kan nínú ohun tó kà tó jẹ́ ti olówó nìkan. Bí ìyá tó ń ta gúgúrú lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wa bá dìde kọ ọ́ ní òwúrọ̀ ọ̀la, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni yóò jẹ́. Ó sì ya mi lẹ́nu pé ó ka ẹkún mọ́ oore. Orin ọpẹ́ wa kì í sábà ní àyè fún ẹkún, àfi ẹkún àná tí a ti nù nù.

Àwọn mẹ́ta yìí kò mọra. Èdè wọn yàtọ̀, ohun èlò wọn yàtọ̀, bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ yàtọ̀: ọ̀kan ń kì, ọ̀kan ń sọ ìtàn, ọ̀kan ń dúpẹ́. Bí a bá fi òṣùwọ̀n ẹnì kan wọn èkejì, a ó ṣe é ní àìdáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ìbéèrè kẹta mi lọ́wọ́ wọn, ìdáhùn wọn jọra. Ẹni tí kò lè sanwó orin ni wọ́n kọrin fún.

Ìgbà yìí ni mo wá yí ìbéèrè náà padà sí ilé. Ẹnìkan lè sọ pé àwọn olórin wa gbọ́dọ̀ jẹun, àti pé ẹni tó bá náwó fún wọn ló yẹ kí wọ́n kì. Èmi náà gbà. Orin òde ayẹyẹ ní ẹwà tirẹ̀, ìdùnnú ọjọ́ kan sì ni oore tó ń ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ó bá jẹ́ òun nìkan la ní, àwọn ọmọdé yóò rò pé owó ni orúkọ ènìyàn.

Kì í ṣe òun nìkan la sì ní. Aṣa, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bùkọ́lá Ẹlẹ́mìdé, kọ orin "Jailer" sínú àwo rẹ̀ tó jáde ní ọdún 2007. Níbẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n ló ń bá wọ́dà sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún un pé òun náà wà nínú ìdè. Àbùkù kan tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ohùn rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń jó sí i láìgbọ́ pé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń jó yí ká. Beautiful Nubia, ìyẹn Ṣẹ́gun Akinlolú, tó kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, náà ti ń kọ orin fún àwọn mẹ̀kúnnù láti ọjọ́ pípẹ́, ní Yorùbá tó já gaara. Mo ti ń gbọ́ àwọn méjèèjì kí n tó gbọ́ Dan Maraya. Lẹ́yìn Dan Maraya ni mo tó mọ ohun tí mo ń gbọ́.

Ohun kan tún wà tó dàgbà ju àwo orin lọ. Oríkì kì í ṣe ti olówó láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Gbogbo ọmọ tí a bí ní ilẹ̀ Yorùbá ló ní i: Àjọkẹ́ ní tirẹ̀, Àkànní ní tirẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Kí ọmọ tó ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ni ìyá àgbà ti ń kì í ní òwúrọ̀. Ìyá àgbà wa kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi jáde lọ sẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ńdọ́ktọ̀ ní ìdájí láìkì í. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, n kò kà á sí orin. Ọmọ òrukàn Bukuru ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tí òun ń fi okùn kan ṣe fún ọmọ ọkọ̀ ni ìyá àgbà ń fi ẹnu lásán ṣe nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tó ń bẹ̀rù pé orin àjèjì yóò gba ọmọ yín lọ, tèmi kò gbà mí lọ. Ilé ló mú mi padà sí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀ láti pín orin fún ara wa, kí ẹ má sì jẹ́ kí a jókòó lẹ́yìn tí a bá sọ pé "ó dùn." Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ń sọ èdè mìíràn, ẹ ní kí ó túmọ̀ orin kan fún yín, kí ẹ̀yin náà túmọ̀ ọ̀kan fún un. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá gbé orin tí ẹ kò gbọ́ èdè rẹ̀ wálé, ẹ má tíì ní kí ó pa á. Ẹ bi í léèrè ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ wá a rí. Bí ó bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ ní kí ó jókòó sọ ọ́ fún yín, kí ẹ̀yin náà sì ki oríkì rẹ̀ fún un kí ó tó dìde.